Ohun Tí Òkú Ẹja Kò Lè Sọ

Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ẹja ti léfòó sórí odò, tí ikùn wọn funfun lókè, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu èèyàn ni pé wọ́n ti da májèlé sódò. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án, ewé àti èpò inú omi ń tú atẹ́gùn tí ẹja ń mí jáde. Bí oòrùn bá ti wọ̀, àwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fa atẹ́gùn kan náà mí, títí di àfẹ̀mọ́júmọ́, nígbà tó máa ń kéré jù lọ nínú omi. Bí ìdọ̀tí bá pọ̀ nínú odò, tí ooru mú, tí omi kò sì ṣàn dáadáa, ẹja lè kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni da ohunkóhun sí i.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà á kọ́kọ́ wo irú èyí tó kú. Bó bá jẹ́ atẹ́gùn ló wọ́n, àwọn ẹja ńlá ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, nítorí ara ńlá ń fẹ́ atẹ́gùn púpọ̀. Wọn á sì ti máa yọ ẹnu sókè omi láti òru. Bó bá jẹ́ májèlé, àwọn kéékèèké ló sábà máa ń kọ́kọ́ mú. Bó bá wá jẹ́ oògùn kòkòrò, edé, akàn àti ọmọ kòkòrò inú omi lè ti kú kí ẹja tó kú, nítorí ìbátan kòkòrò ni edé àti akàn. Oògùn tí wọ́n ṣe láti pa kòkòrò orí oko kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Ẹni tó dàgbà ní ìlú oníkòkó kò nílò kí n ṣàpèjúwe Gammalin 20 fún òun. Lindane ni oògùn inú rẹ̀, ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n gbé e wá fún kòkòrò tó ń fa omi ara igi kòkó mu, ó sì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ṣùgbọ́n láti oko ló ti gba ọwọ́ àwọn apẹja kan lọ, ní Nàìjíríà àti ní Gánà: ẹni tó bá da díẹ̀ sódò kò tún ní jókòó ti àwọ̀n mọ́. Ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn Stockholm fi lindane kún àwọn kẹ́míkà tí ayé gbọ́dọ̀ jáwọ́ nínú wọn. Oògùn iná orí àti kúrúnà nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún nígbà náà.

Ìjàǹbá tí Gammalin ń ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n dà á, ojú lásán rí i. Ti ọjọ́ kejì, ti oṣù kẹta, ti ọdún tó ń bọ̀ ló ṣòro láti rí. Òkú ẹja jẹ́rìí pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Kò lè sọ bí nǹkan ṣe rí fún àwọn tó yè. Nínú gbogbo iṣẹ́ àwọn tó ń wádìí ohun tí kẹ́míkà ń ṣe sí odò, igbó àti ilẹ̀, ibẹ̀ ni mo rò pé ọkàn iṣẹ́ náà wà: wọ́n ń wá ọ̀nà láti gbọ́ tẹnu àwọn tó yè.

Inú ìgò ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dá kékeré kan wà nínú omi adágún tí wọ́n ń pè ní Daphnia, ìbátan edé. Èyí tí wọ́n ń lò jù nínú wọn kì í sábà ju mìlímítà márùn-ún lọ tó bá dàgbà, ara rẹ̀ sì mọ́ gaara débi pé bí o bá fi maikirosíkóòpù wò ó, wàá rí ọkàn rẹ̀ bó ṣe ń lù. Ewé wínníwínní tó ń sọ omi di àwọ̀ ewé ni oúnjẹ rẹ̀. Òun náà sì ni oúnjẹ ọmọ ẹja. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì máa ń mú èyí tí kò tíì pé ọjọ́ kan láyé, ó kéré tán ogún fún ìwọ̀n oògùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kó wọn sínú àwọn ìgò tí oògùn inú wọn ń le sí i láti ọ̀kan dé èkejì. Ìgò kan á wà tí wọn kò fi oògùn kankan sí. Lẹ́yìn wákàtí 48, wọ́n á rọra mi ìgò náà. Èyí tí kò bá lúwẹ̀ẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15, wọ́n ti kà á mọ́ àwọn tí oògùn ti mú. Wọ́n á wá ṣírò ìwọ̀n oògùn tó mú ìdajì wọn.

Ìgò tí kò ní oògùn yẹn, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Bí àwọn inú rẹ̀ bá ń kú náà, ìdánwò náà ti bàjẹ́ nìyẹn, nítorí nǹkan mìíràn ló ń pa wọ́n. Gbogbo ohun tí mo máa sọ títí dé ìparí, orí ìgò yẹn ló dúró lé: kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí májèlé ṣe àyàfi tó bá mọ bí nǹkan ṣe máa rí ká ní májèlé kò sí.

Wọ́n á ṣe irú rẹ̀ fún ẹja, fún wákàtí 96. Wọ́n á ṣe é fún ewé wínníwínní náà, fún wákàtí 72, láti wò ó bóyá ó ṣì ń dàgbà. Ẹ rí i pé àwọn mẹ́ta yìí tẹ̀ léra: ewé, ẹni tó ń jẹ ewé, ẹni tó ń jẹ ẹni tó ń jẹ ewé. Nọ́ńbà tó bá sì jáde, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣì í kà. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni oró náà ṣe le tó, nítorí díẹ̀ ló ti tó láti pa ìdajì.

Ṣùgbọ́n ikú ni èyí ṣì ń kà, ikú sì rọrùn láti kà. Ìdánwò tó gùn ju èyí lọ máa ń gba ọjọ́ 21. Oògùn inú omi kò ní le tó ohun tó lè pa Daphnia. Ọmọ tó bí ni wọ́n á máa kà lójoojúmọ́. Daphnia tó wà láàyè, tó ń jẹun, tó ń lúwẹ̀ẹ́, àmọ́ tí kò bímọ mọ́, kò sí òkú rẹ̀ níbì kankan tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí. Lójú odò, ó ti lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe wá ń mú nọ́ńbà inú ìgò lọ sódò? Pípín ni wọ́n ń pín in. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, bó bá jẹ́ ìdánwò kúkurú mẹ́ta yẹn nìkan ló wà nílẹ̀, wọ́n á mú èyí tó kéré jù nínú nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n á fi ẹgbẹ̀rún kan pín in. Ká ní mìlígíráàmù méjì nínú lítà omi kan ló mú ìdajì Daphnia, ìdá ẹgbẹ̀rún rẹ̀, 0.002, ni wọ́n á pè ní ìwọ̀n tí odò lè fara dà. Bí wọ́n bá ní ìdánwò onígbà pípẹ́ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mẹ́wàá ni wọ́n á fi pín in. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ṣírò iye kẹ́míkà tó lè dé inú odò lóòótọ́: èló ni àwọn àgbẹ̀ ń fọ́n, èló ni òjò ń wọ́ lọ, ọjọ́ mélòó ló ń gbà kó tó jẹrà. Bí iye yẹn bá ju ìwọ̀n tí odò lè fara dà lọ, ọ̀rọ̀ ti dé nìyẹn.

Mo bọ̀wọ̀ fún ìdá ẹgbẹ̀rún yìí nítorí ìjẹ́wọ́ ló jẹ́. Àwọn tó ṣe é ń sọ pé omi inú ìgò mọ́ ju ti odò lọ, pé ẹ̀dá inú ìgò ń yó, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó ń lé e láti pa á jẹ, pé kẹ́míkà kan ṣoṣo ni wọ́n fi dán an wò nígbà tí odò ń gba ogún lẹ́ẹ̀kan náà, pé ẹ̀dá mẹ́ta ni wọ́n yẹ̀ wò nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó ń gbé inú omi. Wọn kò mọ bí ìyókù ṣe máa rí, wọ́n sì fi àìmọ̀ náà sínú ìṣirò.

Àìmọ̀ náà sì jìn ju bí wọ́n ṣe rò lọ nígbà kan. Adágún kan wà ní California tí wọ́n ń pè ní Clear Lake. Kantíkantí ibẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n ń yọ àwọn tó ń wá gbádùn létí omi lẹ́nu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í jẹ èèyàn. Ní 1949 wọ́n da oògùn kòkòrò DDD sí i, ìbátan DDT, wọ́n sì tún un ṣe ní 1954 àti 1957. Wọ́n ti ṣírò rẹ̀ dáadáa o: ní ìgbà tó pọ̀ jù, nǹkan bí ìdá kan oògùn nínú àádọ́ta mílíọ̀nù ìdá omi ni. Ẹja kò léfòó. Ṣùgbọ́n àwọn ẹyẹ omi tó ń mòòkùn láti mú ẹja jẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Nígbà tí wọ́n yẹ ọ̀rá ara wọn wò, wọ́n bá oògùn náà níbẹ̀, ìdá 1,600 nínú mílíọ̀nù. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ìlọ́po 80,000 ohun tí wọ́n dà sómi.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé ẹni tó ti rí epo pupa lára aṣọ funfun rí. Irú kẹ́míkà báyìí kò bá omi rẹ́. Ọ̀rá ló ń lẹ̀ mọ́. Bó bá ti wọ ara ẹ̀dá kan, kì í bá ìtọ̀ jáde. Ewé wínníwínní gba díẹ̀. Ẹ̀dá kékeré jẹ ewé náà lójoojúmọ́, gbogbo díẹ̀díẹ̀ náà sì dúró sí i lára. Ẹja kékeré jẹ ọgọ́rùn-ún irú ẹ̀dá yẹn, ẹja ńlá jẹ àwọn ẹja kékeré, ẹyẹ wá jẹ ẹja. Ó dà bí ẹni tó ń dá àjọ lójoojúmọ́ tí kò sì kó o rí. Ẹni tó wà ní ìkẹyìn ni gbogbo owó ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí bí wákàtí 48 nínú ìgò ṣe lè fi èyí hàn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń béèrè nípa kẹ́míkà tuntun kí wọ́n tó gbà á wọlé: ṣé ọ̀rá ló ń lẹ̀ mọ́? Ṣé ó ń jẹrà?

Nígbà mìíràn, kì í tilẹ̀ pa ẹyẹ náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn tó ń ṣọ́ ìtẹ́ àṣá rí i pé ẹyin ń fọ́ lábẹ́ ìyá wọn. Derek Ratcliffe fẹ́ mọ̀ bóyá èèpo ẹyin ti fẹ́lẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ta ló ti wọn ẹyin àṣá tẹ́lẹ̀? Kò sí. Ohun tó wà ni àpótí àwọn tó fẹ́ràn láti máa kó ẹyin ẹyẹ jọ. Wọ́n á tu inú rẹ̀ dànù, wọ́n á tọ́jú èèpo, wọ́n á kọ ọjọ́ tí wọ́n rí i sí i lára. Ratcliffe wọn àwọn èèpo náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún wá. Bákan náà ni wọ́n ń rí lọ́dọọdún títí dé nǹkan bí 1947, ni wọ́n bá fẹ́lẹ́ lójijì. Àsìkò yẹn gan-an ni DDT bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ká oko. Ní 1967 ló tẹ iṣẹ́ náà jáde. Àwọn tó kó ẹyin wọ̀nyẹn jọ kò mọ̀ pé ẹ̀rí ni wọ́n ń tọ́jú.

Ìwádìí tó wú mi lórí jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ wáyé ní Kánádà. Níbì kan ní ìpínlẹ̀ Ontario, láti 1968, wọ́n ti ń lo odindi adágún fún ìwádìí, nítorí ohun tí ìgò kò lè gbà. Ọ̀kan nínú àwọn adágún náà, nọ́ńbà 260 ni wọ́n ń pè é. Karen Kidd àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ mọ ohun tí èròjà inú oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, èyí tó ń bá ìtọ̀ obìnrin dé inú omi ìdọ̀tí ìlú, ń ṣe sí ẹja. Wọ́n kọ́kọ́ ka ohun tó wà nínú adágún náà, wọ́n sì ń ka àwọn adágún mìíràn nítòsí tí wọn kò ní fọwọ́ kàn. Ẹ rántí ìgò tí kò ní oògùn. Lẹ́yìn náà, láti 2001 títí dé 2003, wọ́n ń da èròjà yìí sí i nígbà ooru, débi tí ó fi tó nanogíráàmù márùn-ún sí mẹ́fà nínú lítà kan.

Kí ni nanogíráàmù márùn-ún? Ẹ ya adágún kan sọ́kàn, tó gùn ní kìlómítà kan, tó fẹ̀ ní kìlómítà kan, tí omi rẹ̀ jìn ní mítà kan. Ẹ wá mú gíráàmù márùn-ún nǹkan kan, tó tó nǹkan bíi ṣíbí tíì kan, kí ẹ sì pò ó pọ̀ mọ́ gbogbo omi yẹn. Ìwọ̀n náà nìyẹn.

Ẹja kò kú. Ẹni tó bá gba etí adágún náà kọjá ní ìgbà ooru àkọ́kọ́ yẹn kò ní rí ohunkóhun. Ṣùgbọ́n àwọn akọ ẹja kékeré kan tí wọ́n ń pè ní fathead minnow bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èròjà tí abo fi ń ṣe pupa ẹyin nínú ara wọn. Wọ́n rí akọ tí ẹyin ti ń hù nínú ẹpọ̀n rẹ̀. Ẹja yìí kì í pẹ́ láyé, ọdún bíi méjì tàbí mẹ́ta. Bí ọmọ kò bá rọ́pò àgbà fún sáà díẹ̀, ìdílé ti fẹ́ tán. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá nínú adágún 260, nígbà tí àwọn adágún ìtòsí kò rí irú rẹ̀. Ẹja trout, tó tóbi, tó ń pẹ́ láyé, kò rí ìpalára tààrà bíi tiwọn. Àmọ́ ẹja kékeré wọ̀nyẹn ni oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tí oúnjẹ wọ́n, òun náà rù, iye rẹ̀ sì ń dín kù. Ní 2007 ni wọ́n tẹ apá àkọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn tí wọ́n dẹ́kun dída èròjà náà, ó gba ọdún mélòó kan kí àwọn ẹja kékeré tó padà pọ̀.

Tó bá wá jẹ́ ibi tó ti bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wọn ohunkóhun ńkọ́? Ilẹ̀ Ògóni ní Nàìjíríà nìyẹn. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa epo rọ̀bì níbẹ̀, wọ́n sì dáwọ́ dúró ní 1993, ṣùgbọ́n ọ̀pá epo ṣì gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tí UNEP, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń mójú tó àyíká, dé ibẹ̀, kò sí àpótí ẹyin tí wọ́n lè ṣí. Oṣù 14 ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ nínú pápá. Wọ́n yẹ ibi tó lé ní 200 wò, wọ́n sì yẹ àpẹẹrẹ omi, ilẹ̀ àti nǹkan mìíràn tó lé ní 4,000 wò nínú yàrá ìwádìí. Ibi tí epo kò dé ni wọ́n fi ṣe ìgò aláìlóògùn tiwọn, kí wọ́n lè fi tibí wé tọ̀hún.

Ìbéèrè tí wọ́n ń tẹ̀ lé rọrùn láti sọ: níbo ni oró ti ń wá, ọ̀nà wo ló ń gbà, ara ta ló ń dé? Ní abúlé kan ní Nisisioken Ogale, wọ́n tẹ̀ lé e láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá epo wọ inú ilẹ̀, títí dé omi abẹ́ ilẹ̀. Wọ́n bá epo tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ tó léfòó sórí omi náà, wọ́n sì bá benzene, tó ń fa jẹjẹrẹ, nínú kànga tí àwọn èèyàn ń mu, ní ìlọ́po tó ju 900 ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí. Ní ibi 49, epo ti wọlẹ̀ jìn tó mítà márùn-ún, ó kéré tán. Èyí ló mú kí àwọn ibì kan tí wọ́n sọ pé àwọn ti fọ̀ mọ́ ṣì dọ̀tí: òkè nìkan ni wọ́n yẹ̀ wò.

Ohun kan nínú ìròyìn náà, tó jáde ní oṣù kẹjọ 2011, ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Ẹja tí àwọn ará Ògóni ń jẹ, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò léwu fún wọn. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ lè ka èyí bí ìròyìn ayọ̀. Ṣùgbọ́n ìròyìn kan náà sọ pé iṣẹ́ ẹja pípa ń kú lọ, nítorí pé ibi tí ẹja ń gbé ti bàjẹ́. Etí omi iyọ̀ ibẹ̀ kún fún igi tí gbòǹgbò wọn ń yọ síta bí ẹsẹ̀ akàn, abẹ́ gbòǹgbò wọ̀nyẹn sì ni ẹja ń fara pamọ́ sí. Epo ti bo gbòǹgbò náà, igi ti kú, ẹja ti kó lọ. Èyí tí wọ́n ń jẹ, ibòmíràn ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Ẹni tó bá wá májèlé nínú ẹja nìkan kò ní rí ohun tó ṣẹlẹ̀. UNEP ṣírò pé ìtúnṣe lè gba ọdún 25 sí 30.

Nínú gbogbo èyí, kíkà ṣáájú ìjàǹbá ló ṣọ̀wọ́n jù, òun náà ló sì náwó kéré jù. Ní Gúúsù Áfíríkà wọ́n ṣe ọ̀nà kan tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè lò, wọ́n ń pè é ní miniSASS. Àwọ̀n kékeré kan, abọ́ funfun kan àti ojú tó ríran ló gbà. Ẹ ó wọ odò tí omi rẹ̀ kò jìn, ẹ ó fẹsẹ̀ tú òkúta ìsàlẹ̀, ẹ ó sì jẹ́ kí omi gbé ohun tó bá jáde wọ àwọ̀n. Lẹ́yìn náà, ẹ dà á sínú abọ́, kí ẹ wo irú ẹ̀dá tó wà níbẹ̀. Ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní máàkì, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe lè fara da ìdọ̀tí sí: eṣúṣú, tó lè gbé inú omi burúkú, gba 2; ìgbín omi gba 4; ọmọ lámilámi àti akàn gba 6. Kòkòrò kan wà, stonefly, tí kò lè fara da omi tó dọ̀tí rárá, 17 ni tirẹ̀. Ẹ ro wọ́n pọ̀, ẹ fi iye irú ẹ̀dá tí ẹ rí pín in. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Kí ẹ kọ ọjọ́, orúkọ odò, ibi tí ẹ dúró sí àti nọ́ńbà tó jáde, kí ẹ tọ́jú ìwé náà síbi tí ikán kò lè dé, kí ẹ sì tún padà síbẹ̀ lẹ́yìn òjò.